Ẹfúnyẹmí Agbẹ̀bí àti Ìgbín Kẹta

Odò-ńṣàn-kò-wẹ̀yìn ni awo etí omi.
Erùpẹ̀-rọra-jókòó-kí-omi-ó-mọ́ ni awo ìsàlẹ̀ odò.
Àwọn méjèèjì ni wọ́n yẹ Ifá wò fún Ẹfúnyẹmí, agbẹ̀bí ìlú Ayégún, ní ọjọ́ tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ so ara rẹ̀ mọ́lẹ̀, tí ó wá ń bèèrè pé ta ni yóò tú òun.

Ẹ jókòó dáadáa, ẹ̀yin ìyàwó ilé yìí. Ìyá tí ó bí ọkọ mi ni ó sọ ìtàn yìí fún mi, ní ọdún tí mo fi ìbínú lé àbúrò mi jáde nílé tí n kò sì rí oorun sùn mọ́. Bí ó ti sọ ọ́ fún mi ni n óò ṣe sọ ọ́ fún yín.

Ẹfúnyẹmí kì í ṣe ẹni tí ń sọ̀rọ̀ púpọ̀. Obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ ni, ó ga, kì í jẹ́ kí èékánná rẹ̀ gùn. Ìyá rẹ̀ ni ó fi iṣẹ́ agbẹ̀bí lé e lọ́wọ́. Bí obìnrin bá ń rọbí ní Ayégún, òun ni wọ́n ń ránṣẹ́ pè. Bí ó bá ti wọlé, tí ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé aboyún nínú, ara aboyún a balẹ̀. Ó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ náà débi pé àwọn ọmọ tí ó gbà ti ń bímọ, òun náà ni ó sì ń gba ọmọ wọn.

Àbúrò kan ṣoṣo ni ó ní, ọmọ ìyá rẹ̀. Ọ̀ṣàdáre ni orúkọ rẹ̀. Ìyàwó Ọ̀ṣàdáre ń jẹ́ Àwẹ̀ró. Àwẹ̀ró lóyún àkọ́bí, oyún náà sì pé oṣù mẹ́sàn-án ní àkókò tí wọ́n ń wa iṣu titun.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, Ọ̀ṣàdáre lọ sóko. Kò pẹ́ tí ó lọ tí ìrọbí mú Àwẹ̀ró. Àbẹ̀jẹ́ nìkan ni ó wà nítòsí, ìyàwó ọkùnrin mìíràn nínú agboolé náà.

Àwẹ̀ró ké sí i. Ó ní: "Àbẹ̀jẹ́, jọ̀wọ́, bá mi sáré pe Ìyá agbẹ̀bí wá. Ó ti dé o."

Àbẹ̀jẹ́ ní irú lórí iná. Ó rò ó nínú ara rẹ̀ pé oyún àkọ́bí kì í tètè wálẹ̀. Ó sọ ìkòkò kalẹ̀, ó sẹ́ ẹ, ó da irú sínú agbọ̀n, ó fi ewé bò ó, kí ó tó gba ọ̀nà odò lọ. Òdì kejì odò ni ilé Ẹfúnyẹmí wà.

Nígbà tí ó débẹ̀, ó jíṣẹ́. Ẹfúnyẹmí gbọ́. Ṣùgbọ́n Ẹfúnyẹmí kò dìde.

Ohun tí ó fà á nìyí. Ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú ni òun àti Ọ̀ṣàdáre jọ sọ̀rọ̀ igi obì tí bàbá wọn fi sílẹ̀. Ọ̀ṣàdáre sì sọ fún un lójú àwọn ẹbí pé obìnrin tí ó ti lọ ilé ọkọ kò ní ẹnu nínú obì bàbá òun. Ọ̀rọ̀ náà gún Ẹfúnyẹmí. Kò fèsì lọ́jọ́ náà, ó kàn gbé e sínú lọ sílé ni. Nígbà tí Àbẹ̀jẹ́ jíṣẹ́ fún un, ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ jí.

Ó ní: "Máa lọ ṣáájú. Mò ń bọ̀."

Nígbà tí Àbẹ̀jẹ́ lọ tán, ó sọ fún ara rẹ̀ pé: "Kí wọ́n dúró díẹ̀. Kí wọ́n mọ̀ pé mo wúlò." Ó gé èékánná tí kò gùn. Ó ká aṣọ ìgbẹ̀bí rẹ̀, ó tú u, ó tún un ká. Ó mu omi. Nígbà tí ó wá rò ó pé wọ́n ti mọ̀ tó, ó gbé igbá ewé rẹ̀, ó kọjá odò.

Nígbà tí ó wọlé, gbogbo ẹní ti rin gbingbin fún ẹ̀jẹ̀. Ó ju igbá sílẹ̀, ó ṣe gbogbo ohun tí ọwọ́ lè ṣe. Ó gba ọmọ náà láàyè. Obìnrin ni, ó ké. Àwẹ̀ró yí ojú sí i, ó ní: "Ìyá, ẹ dé." Kò sọ̀rọ̀ mọ́.

Ẹkún gba agboolé. Lẹ́yìn ẹkún ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í bèèrè pé ta ni ó pẹ́. Wọ́n wò yíká, wọ́n rí Àbẹ̀jẹ́. Òórùn irú ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n ní: "Ìwọ ni! Èèyàn ń kú lọ, o dúró ti ìkòkò irú!" Àbẹ̀jẹ́ wólẹ̀, ó ní òun kò mọ̀. Ó ń wo ojú Ẹfúnyẹmí bí ẹni tí ń wá ẹlẹ́rìí.

Ẹfúnyẹmí la ẹnu. Ó sì pa á dé.

Ọkọ Àbẹ̀jẹ́ kò lè gbèjà rẹ̀. Kò pé oṣù kan tí Àbẹ̀jẹ́ fi di ẹrù rẹ̀, ó padà lọ bá ìyá rẹ̀ ní abà. Láti ọjọ́ náà, bí wọ́n bá fẹ́ fi ìlọ́ra ṣe ẹnikẹ́ni yẹ̀yẹ́ ní Ayégún, wọ́n a ní: "O ń sẹ́ irú bí Àbẹ̀jẹ́."

Ọmọ tí Àwẹ̀ró fi sílẹ̀, Àríkẹ́ ni wọ́n sọ ọ́. Ẹfúnyẹmí ni ó tọ́jú rẹ̀ títí ó fi já lẹ́nu ọmú àwọn olómú àdúgbò, ó sì dá a padà fún bàbá rẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun kan ti ṣẹlẹ̀ sí ọwọ́ Ẹfúnyẹmí. Wọ́n pè é síbi ìrọbí lẹ́yìn oṣù mẹ́rin. Bí ó ti gbé ọwọ́ sókè ni ọwọ́ méjèèjì bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n bí ewé ọ̀pẹ. Ó jáde. Wọ́n tún pè é, kò lọ. Ó kó igbá àti aṣọ ìgbẹ̀bí lé orí àjà. Bí ó bá gbọ́ igbe obìnrin láti ọ̀nà jíjìn, ó máa ń fi ìka di etí.

Àwọn aboyún Ayégún wá ń rin ọ̀nà ọjọ́ kan lọ sí Ọ̀dàn kí wọ́n tó rí agbẹ̀bí. Obìnrin kan bí sí abẹ́ igi lójú ọ̀nà. Òmíràn lọ, kò sì bọ̀.

Nígbà tí ìròyìn ẹni tí kò bọ̀ yìí dé etí Ẹfúnyẹmí, ó mọ̀ pé òun kò lè jókòó mọ́. Ìyẹn jẹ́ ọdún kẹta lẹ́yìn ikú Àwẹ̀ró. Ó lọ bá àwọn awo méjì tí mo dárúkọ. Èyí ẹ̀gbọ́n ti darúgbó, ó kàn ń wo omi. Erùpẹ̀-rọra-jókòó ni ó sọ̀rọ̀.

Ó ní: "Ẹfúnyẹmí, ọwọ́ kọ́ ni Ifá ń sọ. Ifá ní ẹni mẹ́ta ni o so mọ́lẹ̀. Ẹnìkan jẹ̀bi díẹ̀, o jẹ́ kí wọ́n di gbogbo ẹ̀bi náà lé e lórí. Ẹnì kejì kò mọ ohun tí o ṣe sí i. Ẹnì kẹta, ìwọ ni o so ó, ìwọ ni o ń nà án, ìwọ náà ni o sì ń ṣọ́ ọ kí ó má baà sá lọ."

Ẹfúnyẹmí mọ àwọn méjì àkọ́kọ́. Kò bèèrè ẹnì kẹta.

Wọ́n ní kí ó rú ìgbín mẹ́ta, kí ó fi òrí àti ẹ̀kọ funfun kún un. Kí ó se ìgbín náà fúnra rẹ̀. Kí ó gbé ọ̀kan fún ẹni àkọ́kọ́, kí ó gbé ọ̀kan fún ẹnì kejì, kí ó sì fi ẹnu ara rẹ̀ sọ òtítọ́ níbi tí ó bá ti gbé e kalẹ̀. Ìgbín kẹta, kí òun fúnra rẹ̀ jókòó ní ojú ọ̀sán, kí ó jẹ ẹ́ tán.

Awo ní: "Ẹbọ tí a bá bù kù a máa bu ẹni tí ó rú u kù."

Ẹfúnyẹmí ní òun gbọ́. Ó se ìgbín, ó gbé igbá àkọ́kọ́ lọ sí abà. Ó bá Àbẹ̀jẹ́ níbi tí ó ti ń bó ẹ̀gúsí. Ó gbé igbá kalẹ̀, ó sì kúnlẹ̀.

Àbẹ̀jẹ́ fò dìde. "Ìyá, kí lẹ ń ṣe yìí? Ẹ dìde. Ọmọ ilé kì í kúnlẹ̀ fún ìyàwó ilé."

"Jẹ́ kí n kúnlẹ̀. Bí mo bá dìde, n kò ní lè sọ ọ́ mọ́."

Ó sọ ọ́. Ó sọ̀rọ̀ igi obì, ó sọ̀rọ̀ èékánná tí kò gùn, ó sọ̀rọ̀ aṣọ tí ó ká lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní: "Ìwọ pẹ́ nítorí pé o kò mọ̀. Èmi mọ̀, mo sì pẹ́. Nígbà tí o ń wò mí lọ́jọ́ náà, mo mọ ohun tí o ń wá lójú mi. Mo dákẹ́."

Àbẹ̀jẹ́ jókòó padà díẹ̀díẹ̀. Ó mú ẹ̀gúsí kan, kò bó o.

"Ọdún mẹ́ta, Ìyá."

"Ọdún mẹ́ta."

"Ìyá mi kú ní abà yìí. Ẹnì kan kò wá láti Ayégún láti kí mi kú ìrọ́jú. Ọkọ mi gan-an kò wá." Ohùn rẹ̀ kò ga. "Bí mo bá ní mo ti dárí jì yín nísinsìnyí, irọ́ ni n óò pa fún yín. Ẹ gbé e sílẹ̀ níbẹ̀. N óò jẹ ẹ́ nígbà tí ọ̀fun mi bá gbà á."

Ẹfúnyẹmí dìde, ó dúpẹ́, ó lọ. Kò sọ pé kí Àbẹ̀jẹ́ yára. Àwọn àgbà ní Àbẹ̀jẹ́ gbé ojú kúrò lára igbá náà títí ilẹ̀ fi fẹ́ ṣú, ó wá fà á mọ́ra, ó sì jẹ ẹ́ pẹ̀lú omijé.

Igbá kejì, Ọ̀ṣàdáre ni ó gbé e lọ fún. Àríkẹ́ ń ṣeré nínú ìyẹ̀pẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Ẹfúnyẹmí tún sọ òtítọ́ náà láti ìbẹ̀rẹ̀. Ọ̀ṣàdáre kò jẹ́ kí ó parí gbólóhùn ìkẹyìn tí ó fi dìde. Ó jáde sí ẹ̀yìnkùlé, ó pẹ́ níbẹ̀. Ẹfúnyẹmí ń gbọ́ bí ó ti ń fi ẹsẹ̀ gbá ògiri. Nígbà tí ó wọlé, ojú rẹ̀ ti pọ́n.

Ó ní: "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ṣe mí."

"Mo ṣe ọ́."

Ọ̀ṣàdáre jókòó. Lẹ́yìn náà ó ní: "Àwẹ̀ró ni ó ní kí n má lọ sóko lọ́jọ́ náà. Ó ní ẹ̀yìn ń dun òun. Mo ní iṣu kì í dúró de ẹ̀yìn obìnrin. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní kí n máa lọ. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń wá ẹni tí n óò gbé e kọ́ lọ́rùn. Àbẹ̀jẹ́ ni mo rí. N kò sọ èyí fún ẹnikẹ́ni rí."

Ẹ̀gbọ́n àti àbúrò wo ara wọn. Ọ̀ṣàdáre fa igbá náà mọ́ra, ó bu díẹ̀ fún Àríkẹ́, ó jẹ ìyókù. Ó ní ọ̀rọ̀ obì tí òun sọ, ọ̀rọ̀ burúkú ni, igi bàbá àwọn méjèèjì ni. Ní ọjọ́ kẹta, ó kó àwọn àgbà ilé sẹ́yìn, ó lọ dọ̀bálẹ̀ fún Àbẹ̀jẹ́ ní abà, wọ́n sì bẹ̀ ẹ́ wálé. Ọkọ rẹ̀ tẹ̀ lé wọn, kò lè gbé orí sókè. Àbẹ̀jẹ́ jẹ́ kí ó ru ẹrù òun ní gbogbo ọ̀nà kí ó tó bá a sọ̀rọ̀.

Ó ku ìgbín kẹta.

Ẹfúnyẹmí jókòó tì í nílé rẹ̀. Ó bu òkèlè ẹ̀kọ, ó dá a padà. Ó ní: "Àwẹ̀ró wà nínú ilẹ̀, èmi wá jókòó ń jẹ ìgbín?" Ó gbé igbá náà, ó dà á sínú odò. Lójú rẹ̀, ohun rere ni ó ṣe. Ó rò pé ẹni tí ó bá ń fi ìyà jẹ ara rẹ̀ ń san nǹkan fún òkú.

Ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n síbẹ̀. Oṣù yí po. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ fún ara rẹ̀ pé Ifá kò gbọ́ ti òun.

Nígbà tí ó di ọdún kejì tí Àbẹ̀jẹ́ padà sílé ọkọ, ó lóyún. Oyún rẹ̀ pé oṣù mẹ́jọ. Ó kọjá odò ní àárọ̀ ọjọ́ kan, ó jókòó lórí àpótí nílé Ẹfúnyẹmí, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ.

Ó ní: "Ìyá, n kò lè rin ọ̀nà Ọ̀dàn. Ẹ̀yin ni ẹ óò gbẹ̀bí mi."

Ẹfúnyẹmí na ọwọ́ méjèèjì síwájú rẹ̀. "Wò wọ́n. Ṣé ọwọ́ tí o fẹ́ kí ó gba ọmọ rẹ nìyí? Ọwọ́ yìí ti pa Àwẹ̀ró. Jọ̀wọ́, má jẹ́ kí ó pa ọ́."

"Ìyá, mo ti jẹ ìgbín yín. Ohun tí mo jẹ ti dà nínú mi. Ṣé n óò wá bì í jáde ni?"

 Bí Àbẹ̀jẹ́ ti lọ ni Ẹfúnyẹmí gbéra, ó di ọ̀dọ̀ awo. Ó ní: "Bàbá, mo rú ẹbọ, ẹbọ kò fín. Àwọn tí mo ṣẹ̀ ti gbà mí, ara mi kò gbà mí."

Erùpẹ̀-rọra-jókòó bi í pé: "Ta ni ó jẹ ìgbín kẹta?"

Ẹfúnyẹmí wo ilẹ̀. "Mo dà á sódò."

"Kí ló dé?"

"Kò tọ́ sí mi, Bàbá."

Awo àgbàlagbà tí kì í sọ̀rọ̀, Odò-ńṣàn-kò-wẹ̀yìn, ni ó dá a lóhùn lọ́jọ́ náà. Ó ní: "Ìgbà tí Ifá ní kí o jẹ ẹ́, ṣé ó bèèrè lọ́wọ́ rẹ bóyá ó tọ́ sí ọ? O ti tú ẹni tí ó pẹ́ nídìí ìkòkò irú. Ẹni tí ó pẹ́ nínú ilé rẹ, o kọ̀, o kò tú u. Àwọn aboyún Ayégún ni wọ́n ń jẹ ìyà tí o fi ń jẹ ara rẹ. Obìnrin tí ó kú lọ́nà Ọ̀dàn, ṣé Àwẹ̀ró ni ó rán ọ sí i? Bí o bá fẹ́ràn òkú, lọ ṣàánú fún àwọn ìyàwó ilé tí wọ́n kù. Bí o bá sì fẹ́ ṣàánú fún wọn, o ní láti jẹun."

Ẹfúnyẹmí sunkún níbẹ̀ títí ó fi tán nínú rẹ̀. Ó ra ìgbín kan lójú ọ̀nà bí ó ti ń padà. Nígbà tí ó dé etí odò, ó bá Àbẹ̀jẹ́ tí ó jókòó lórí òkúta, tí ó ń dúró dè é.

Àbẹ̀jẹ́ wo ìgbín ọwọ́ rẹ̀. Ó ní: "Ẹ kó o wá. Èmi ni n óò sè é."

Ó sè é. Ó bu ẹ̀kọ sí i, ó gbé e kalẹ̀ níwájú Ẹfúnyẹmí ní ojú ọ̀sán gangan, ó sì jókòó sí ọ̀kánkán rẹ̀ pẹ̀lú ikùn ńlá rẹ̀. Ó ní: "Ẹ jẹ ẹ́ níṣojú mi. N kò ní dìde."

Ẹfúnyẹmí fi sẹ́nu. Kò rọrùn láti gbé mì. Ó dúró, ó tún fi sẹ́nu. Ó dárúkọ Àwẹ̀ró, ó ní: "Ìyàwó mi, mo pẹ́. Dárí jì mí." Nígbà náà ni ó ní, pẹ̀lú ohùn kékeré tí Àbẹ̀jẹ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ má gbọ́: "Ẹfúnyẹmí, mo dárí jì ọ́." Ó jẹ ẹ́ títí igbá fi mọ́. Àbẹ̀jẹ́ bu omi fún un mu.

Oṣù kò tíì lé tí ìrọbí mú Àbẹ̀jẹ́, àárọ̀ ni, òjò wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ ń rọ̀. Ọ̀ṣàdáre fúnra rẹ̀ ni ó sáré kọjá odò lọ pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Kò tíì sọ̀rọ̀ tán tí Ẹfúnyẹmí fi fa igbá àti aṣọ ìgbẹ̀bí wálẹ̀ láti orí àjà. Kò gé èékánná. Kò ká aṣọ. Ó sáré.

Ẹsẹ̀ ni ọmọ náà fẹ́ fi wáyé. Ẹ̀yin tí ẹ ti bímọ níbí mọ ohun tí ìyẹn jẹ́. Ẹfúnyẹmí rí ẹsẹ̀ kékeré náà, ọwọ́ rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Àwọn obìnrin tí wọ́n wà nínú yàrá rí i. 

Àbẹ̀jẹ́ gbé orí sókè láàrin ìrora. Ó ní: "Ìyá, ẹ jẹ́ kí ó gbọ̀n. Ẹ ṣáà máa fi ṣe iṣẹ́."

Ẹfúnyẹmí mú òrí, ó fi pa ọwọ́. Ó fi ọwọ́ tí ń gbọ̀n náà bẹ̀rẹ̀. Kò mọ ìgbà tí gbígbọ̀n náà dúró. Ó kàn rí i pé ọwọ́ òun ti ń ṣe ohun tí ìyá òun kọ́ ọ: ó yí ọmọ díẹ̀, ó dúró, ó tún yí i, ó ní kí Àbẹ̀jẹ́ sinmi, ó ní kí ó fi agbára tì. Ọmọ náà jáde. Kò ké. Ẹfúnyẹmí nu ẹnu rẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́ lẹ́yìn, ó fẹ́ atẹ́gùn sí i nímú. Ọmọ ké tó bẹ́ẹ̀ tí bàbá rẹ̀ fi bú sẹ́kún níta. Ìgè ni wọ́n pè é, nítorí pé ẹsẹ̀ ni ó fi wáyé. Ìyá yè, ọmọ yè.

Láti ọjọ́ náà, aboyún Ayégún kò rin ọ̀nà Ọ̀dàn mọ́. Ẹfúnyẹmí gbẹ̀bí títí ó fi darúgbó. N kò ní purọ́ fún yín pé ó gbàgbé. Ní ọdọọdún, bí iṣu titun bá dé, ó máa ń lọ sí ojú oórì Àwẹ̀ró, ó máa ń sunkún díẹ̀. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ránṣẹ́ pè é síbi ìrọbí lọ́jọ́ náà, ó máa ń nu ojú, ó sì máa ń lọ. Nígbà tí Àríkẹ́ dàgbà, òun ni ó gbé igbá ewé tẹ̀ lé e.

Wọ́n ní nígbà tí ẹbọ rẹ̀ fín, àwọn ènìyàn rò pé yóò jó wá sílé awo bí àwọn tí orí wọn dára ti ń ṣe. Kò mọ ijó jó. Ó kàn lọ jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn létí omi, ó ń yin awo, àwọn awo ń yin Ifá, omi ń ṣàn lọ níwájú wọn.

Ifá ní ẹni tí ó bá jẹ́wọ́, kí ó jẹ́wọ́ tán. Ẹni tí wọ́n bá ṣẹ̀, kí ó má fi tipátipá dárí jì, kí ó sì má ti ilẹ̀kùn pa. Ẹni tí ó bá pín àánú fún gbogbo ènìyàn, kí ó bu tirẹ̀, nítorí pé ẹbọ kò pé bí ẹni tí ó rú u bá jáde nínú rẹ̀ pẹ̀lú ebi.

Èmi náà ránṣẹ́ sí àbúrò mi. Ó dé, ó bá mi nílé.